Ìwé Ọkọ̀ Tí Zacchaeus Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Bí ẹ bá rí lẹ́tà tí Zacchaeus kọ, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Gbogbo èbúté Òkìtìpupa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò ga, kò sanra, ẹwù funfun kan náà ló sì ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n bó bá ti mú gègé, tó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ọba ni. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó sì kà á parí, nígbà tí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà bá ń sọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń mirí. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún yín pé ọgbà ilé ìwé lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ ìdílé wọn, àmọ́ ká má purọ́, iṣẹ́ omi tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn ṣe ni. Adésànyà, bàbá Zacchaeus, lò ju ogójì ọdún lọ nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ epo dé Àtìjẹ́rẹ́, ó tù ú dé Ẹ̀pẹ́, ó tù ú dé Èkó, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí èèpo igi. Àwọn ọlọ́kọ̀ a máa pè é ní "Àjẹ̀ wa," bí ẹni pé ohun èlò ni wọ́n rà á, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó bá mu ẹmu díẹ̀ nìkan ló máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Á ní, "Bí mo bá lè ní ọkọ̀ tèmi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí n tù ú sọdá, kí n tù ú padà, ó tó mi."

Kò ní in. Ọdún 1959 ló kú. Ní èbúté nígbà náà, bí ọlọ́kọ̀ bá kú, wọn a so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn, wọn a ta màrìwò sí imú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ yòókù kò sì ní í ṣí lọ́jọ́ ìsìnkú títí wọn yóò fi da iyẹ̀pẹ̀ bo òkú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Adésànyà, gbogbo ọkọ̀ ló ṣí. Zacchaeus dúró létí ibojì, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo ní ìsàlẹ̀ odò pé kí èrò Igbókọ̀dá máa wọlé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe dùn ún tó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ní ọdún kẹta ló kan ọkọ̀. Ẹ má gbọ́ pé Zacchaeus kan ọkọ̀ kí ẹ wá rò pé òun nìkan ni o. Eunice ìyàwó rẹ̀, ọmọ Igbótako, ló gbé ọkọ̀ náà dìde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni obìnrin yìí fi wà nínú ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí, tí pupa epo kò kúrò ní èékánná rẹ̀ mọ́, bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Ọdún Kérésì mẹ́ta kọjá, kò ra aṣọ. Epo Eunice ló ra pákó ìrókò. Epo Eunice ló ra ìṣó àti ọ̀dà tí wọ́n fi dí ojú ìhò. Ọmọ Àpọ̀ì tó kan ọkọ̀ náà, inú abà Eunice ló ń sùn, púpurú Eunice ló ń jẹ, nígbà tí ẹ́ńjìnì sì dé láti Èkó, agboolé rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ọkọ̀ tó gba ogún èrò àti àgbá epo mẹ́fà ni. Nígbà tí wọ́n tì í sómi, tó sì léfòó láìtẹ̀ sápá kan, Eunice jókòó sórí iyanrìn, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Ó wá ku ìwé. Ìjọba ní gbogbo ọkọ̀ omi tó bá ní ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ní ìwé àti nọ́ńbà, kí a sì máa sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin ni. Nígbà náà, ọkùnrin kan wà nítòsí kọ́ọ̀tù, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni tábìlì rẹ̀ àti taipuráítà rẹ̀ máa ń wà, Olúyọmí lorúkọ rẹ̀. Lẹ́tà ló ń kọ fún aráàlú, fọ́ọ̀mù ló sì ń bá wọn kún. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò dára rárá, bí ìgbà tí adìyẹ ń ta ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wá nínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń gbé tiwọn lọ bá a.

Eunice sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí ó mọ ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tinúọlá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún Olúyọmí. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni."

Zacchaeus wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Kí n wá ẹni tí yóò bá mi kọ orúkọ? Èmi? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe."

"Ìwà kọ́ nìyí, Bàbá Tinúọlá. Ìwé ni."

"Ìwé náà ni mo sì kà," ni Zacchaeus wí, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ọjọ́ Ìsinmi ló kọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn. Ó nu tábìlì, ó tẹ́ pépà tí ń fa omi tàdáwà sílẹ̀, ó ní kí Tinúọlá ọmọ rẹ̀ obìnrin má sáré kọjá nínú yàrá kí ilẹ̀ má baà mì. Ó kọ gígùn ọkọ̀, ó kọ ìbú rẹ̀, ó kọ irú igi tí wọ́n fi kàn án àti agbára ẹ́ńjìnì. Ó wá dé ibi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ó dúró. Ó pẹ́ lórí ìlà yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà ló fi lẹ́tà ńláńlá, tó gún régé, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ADÉSÀNYÀ.

Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà o. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá kọ́ ilé alájà méjì, tó jẹ́ òun ló ru bíríkì rẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni a ó máa pè é. Ta ni yóò sọ pé ilé mi, ilé mi, níṣojú àgbà? Ọmọ tí a kò bá kọ́ ni. Orúkọ bàbá ni orúkọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ sì ni Zacchaeus ṣe rò ó. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ṣe fọ́ọ̀mù kò rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà tí yóò sọ èyí fún un.

Ó pe Eunice, ó sọ fún un. Obìnrin náà kò mọ̀wé kà. Ó wo lẹ́tà ńláńlá náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwé á gbà á bẹ́ẹ̀?" ló bèèrè.

"Kí ló dé tí kò ní gbà á? Èmi àti bàbá mi, ta ló yà wá?"

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ni mo wí tèmi," ni Eunice fèsì, ó sì lọ yí ọbẹ̀ rẹ̀ kó má jóná.

Ìwé náà gbà á. Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò bèèrè nǹkan kan, ìwé ọwọ́ náà ló ń yìn. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Zacchaeus ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ADÉSÀNYÀ sí imú ọkọ̀, ó ta màrìwò sí i fúnra rẹ̀, ó sì mú ìwé náà lọ síbi ibojì. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó fi òkúta mẹ́rin dì í mú nítorí afẹ́fẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti lọ́kọ̀ o. Òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí rẹ̀." Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó ká ìwé rẹ̀ padà wálé.

Ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e, ká dúpẹ́, ọdún dáadáa ni. Lọ́dọọdún ni Zacchaeus ń lọ sọ láísẹ́ǹsì dọ̀tun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló máa ń fi dúró lórí ìlà, tí ọkọ̀ á wà ní síso, tí èrò á wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá ń kọjá lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, Olúyọmí á kí i pé, "Akọ̀wé àgbà!" Òun náà á na ọrùn, á kọjá. Ohun tó wà nínú ìwé ti ọdún tó kọjá ló ń dà kọ sí ti tuntun, lẹ́tà fún lẹ́tà, láìsí àṣìṣe kan. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìkan ló ń tún kọ.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967. Nígbà tí ìró ìbọn wọ ọ̀nà Oré, tí ọ̀rọ̀ di bóòlọ-o-yàgò, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì wá sí ojú kan kí ọ̀tá má baà rí wọn lò. Zacchaeus fúnra rẹ̀ ló wa tirẹ̀ lọ, wọ́n fún un ní bébà pé àwọn gbà á, ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Ọdún méjì àtààbọ̀ ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́wọ́ wọn. Kí Tinúọlá má baà fi ilé ìwé sílẹ̀, Zacchaeus mú àjẹ̀ bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti àjà, ó ń tu ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Eunice padà sínú ẹkù. Bí èrò kan bá sì fi Zacchaeus ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ńlá," á dáhùn pé, "Ó wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìkéde jáde pé kí olóhun wá mú ọkọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, kó mú ìwé lọ́wọ́. Èyí tí kò bá rí olóhun, wọn yóò tà á. Ó kù díẹ̀ kí Zacchaeus fò. Eunice ní kí wọ́n mú Olúyọmí dání.

"Láti lọ gba ohun tó jẹ́ tèmi?" ni Zacchaeus bèèrè. Ó lọ ẹwù funfun rẹ̀, ó fi ìwé sínú àpò lẹ́tà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ.

Kí wọ́n tó wọlé ni Eunice ti rí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n wọ́ ọ gun orí koríko. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára láti imú dé ìdí. Ó ní, "O ṣe, o dúró dè wá."

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti òkè wá ṣiṣẹ́, Ọláìtán ni wọ́n ń pè é. Kò ṣàìlẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ ìwé náà wò.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ta ni Adésànyà?"

"Bàbá mi ni."

"Wọ́n wà níta?"

"Wọ́n ti kú, ó ti pẹ́. Ọdún 1959."

Ọláìtán tún wo ìwé. Ó fi ìka sí òǹtẹ̀. "1962 nìyí, sà. Báwo ni ẹni tó ti kú lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ṣe wá gba ìwé ọkọ̀?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bóyá Lásárù ni. Zacchaeus ń ṣàlàyé, òógùn sì bò ó, pé òun lòun ni ọkọ̀, pé òun lòun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi bu ọlá fún bàbá òun. Akọ̀wé náà gbọ́ ọ dé òpin, ojú rẹ̀ kò sì le.

Ó ní, "Bàbá, mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ìwé. Ọ̀nà méjì ló wà. Kí gbogbo ọmọ Adésànyà fọwọ́ sí i pé ogún bàbá wọn ni, kí ẹ jọ gbà á. Tàbí kí ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù, kí ẹ fi Bíbélì búra pé bàbá yín kò ní ọkọ̀ kankan rí títí wọ́n fi kú, pé tiyín ni. Ẹ mú ìwé ìbúra náà wá, ẹ ó wa ọkọ̀ yín lọ lọ́jọ́ náà."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ létí omi. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, Ọdúnlámì ti gbọ́. Ọdúnlámì ni àkọ́bí Adésànyà, ìyáálé ló bí i, Zacchaeus sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó bí. Àwọn méjèèjì náà ni gbogbo ọmọ tó kù láyé. Òde-Ayé ni Ọdúnlámì ti ń dáko ẹ̀gẹ́, kì í ṣe oníjà, kì í sì í ṣe olójúkòkòrò. Ó wọ lọ́rì wá, ó jókòó sójúde Zacchaeus, ó kọ omi tí Eunice gbé fún un.

"Bàbá ní ọkọ̀," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀..."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá kú, kò sí ohun tí a ó fi ra pósí. Mo ta kẹ̀kẹ́ mi. O wà níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bàbá ní ọkọ̀, owó rẹ̀ ló kó pamọ́ fún yín kó tó kú, ẹ̀yin méjèèjì sì mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n ta kẹ̀kẹ́." Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún. "Kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Kí ni mo ṣe fún Bàbá tó fi mí pamọ́ sẹ́yìn ọmọ ìyàwó?"

Zacchaeus dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí màrìwò tí kò sí lọ́jọ́ ìsìnkú títí dé orí fọ́ọ̀mù. Eunice náà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ pupa rẹ̀ jáde kí ọ̀rọ̀ náà lè rí ẹlẹ́rìí. Ọdúnlámì wo ọwọ́ náà, ó wo àbúrò rẹ̀.

Ó ní, "Ẹnu rẹ ló ń sọ èyí. Ọwọ́ rẹ ló kọ ìyẹn, ìjọba sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Èwo ni kí n gbà? Lọ búra. Bí o bá fi Bíbélì sọ ọ́ pé Bàbá kò ní ọkọ̀ rí, n ó gbà, n ó padà sí Òde-Ayé, kò sì ní í sí ìjà."

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà là? Òótọ́ ni wọ́n ní kó sọ. Òótọ́ pọ́ńbélé tí gbogbo èbúté mọ̀.

Wọ́n wá lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nígbẹ̀yìn. Olúyọmí kò pe ẹnikẹ́ni ní akọ̀wé àgbà lọ́jọ́ náà. Ó fi ìka méjì tẹ ìwé ìbúra, ó kà á fún wọn, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí Zacchaeus ń dúpẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ká ní ẹ gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá bá mi nígbà náà," ló wí, "ìbéèrè kan péré ni mo máa bi yín. N ó ní, ẹni yìí, ṣé ó wà láyé? Ọ̀rọ̀ á sì ti tán." Zacchaeus ká ìwé náà sínú àpò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọ́ọ̀tù, Eunice kò jẹun. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, ó rọra di apá ọkọ rẹ̀ mú, ohun tí kì í ṣe lójú títì.

"Bàbá Tinúọlá, òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀. Bàbá kò ní bínú. Ẹ sọ ọ́ kíákíá, ká lọ sílé."

"Mo gbọ́," ni Zacchaeus wí. Mo sì gbà pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Yàrá kékeré ni. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù wà nídìí tábìlì, Ọdúnlámì wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, Eunice wà ní ti iwájú. Wọ́n fi Bíbélì lé Zacchaeus lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa wí tẹ̀ lé e. Ó wí orúkọ rẹ̀. Ó wí ibi tó ń gbé àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohùn rẹ̀ já gaara, ohùn ọmọ ilé ìwé.

Akọ̀wé ní, "Bàbá mi, Adésànyà, kò ní ọkọ̀ kankan rí títí ó fi kú."

Zacchaeus ní, "Bàbá mi, Adésànyà."

Ó dákẹ́.

Akọ̀wé tún un wí. Zacchaeus tún pe bàbá rẹ̀, ó tún dákẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Òkúta mẹ́rin tó fi di ìwé mú lórí ibojì ló ń rí. Òun ló lọ síbẹ̀. Òun ló sọ fún òkú pé ẹ ti lọ́kọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n pè ní àjẹ̀ fún ogójì ọdún, tí ọkọ̀ ń ṣí lọ lórí ìsìnkú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó ní láyé àti lọ́run ni ọ̀rọ̀ yẹn, òun ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ní kó fi Bíbélì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ènìyàn.

"Bàbá Tinúọlá," ni Eunice wí láti orí bẹ́ǹṣì. Kò pariwo. "Ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ti ìyàwó rẹ̀ náà a bá a dákẹ́. Akọ̀wé wí i lẹ́ẹ̀kẹta. Zacchaeus wo Eunice, omi wà lójú rẹ̀, ó sì rọra gbé Bíbélì padà sórí tábìlì.

"Bàbá mi ní ọkọ̀," ló wí.

Ọdúnlámì ló kọ́kọ́ sunkún, ó fi fìlà bo ojú. Ohun tó wá gbọ́ kọ́ nìyẹn. Eunice kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó rìn jáde, ó sì fi ẹsẹ̀ lọ sílé láì bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ogún, ọkọ̀ di ti ọmọ Adésànyà. Ọdúnlámì kò mọ omi, kò sì fẹ́ rí ọkọ̀ náà sójú. Ó ní kí wọ́n tà á, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀, kí ọkàn òun lè sinmi. Àgbà ni, wọ́n sì tà á. Ìdajì tó kan Zacchaeus kò lè kan ọkọ̀ mìíràn, kò tilẹ̀ lè ra ẹ́ńjìnì. Ọkùnrin Igbókọ̀dá kan ló rà á. Létí omi níbẹ̀, kó tó tì í, ó ní kí wọ́n wá ọ̀bẹ wá, wọ́n sì ha orúkọ náà kúrò ní imú ọkọ̀. Ọ̀dà funfun ń já sómi ní wẹ́wẹ́. Zacchaeus dúró lórí pákó èbúté títí wọ́n fi ha á tán, àjẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ní èrò tó fẹ́ bá ọlọ́kọ̀ kan tù lọ láàárọ̀ náà.

Àwọn tọkọtaya náà kò jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà. Eunice ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i káàbọ̀, ó ń pè é ní Bàbá Tinúọlá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá sí ohunkóhun mọ́. Bó bá bi í pé kí ló rò nípa nǹkan kan, á ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́." Ọkùnrin náà gbó láàárín ọdún kan.

Ní ọdún 1972, òjò kan wọ inú yàrá, Eunice sì kó ẹrù inú àpótí jáde kó lè sá a sóòrùn. Ìwé ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Ó mú un wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Ẹ kà á fún mi," ló wí. "Mi ò gbọ́ ọ rí láti ìbẹ̀rẹ̀."

Zacchaeus kà á. Ó ka gígùn ọkọ̀ àti ìbú rẹ̀. Ó ka ìrókò, ó ka agbára ẹ́ńjìnì, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀, ó ka ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀. Ìwé ọwọ́ náà ṣì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Eunice tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí. Ó wá na ìka rẹ̀ tí epo ti pa lára, ó rọra fi tọ ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́.

"Ibo ni epo mi wà níbẹ̀?" ló bèèrè.

Zacchaeus wo ìwé náà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ohun tí a kọ síbẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," ló wí.

Eunice gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ ní ojú ibi tó ti wà ní ṣíṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó fi í sínú àpótí, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sí ẹkù.